Ààbò Ọmọ Nínú Yàrá Sáyẹ́ǹsì: Ohun Tí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Lè Ṣe Kí Ewu Tó Dé

 Ọ̀rọ̀ tí ìwé pélébé yìí gbé wá sọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan yìí dá lórí yàrá tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní láàbù. Inú yàrá yìí ni wọ́n ti ń fi ojú ara wọn rí ohun tí ìwé ń sọ: bí ásíìdì ṣe ń jẹ irin, bí ewé ṣe ń pa oúnjẹ mọ́ sínú ara rẹ̀, bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Ẹni tí yóò di dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn tàbí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n yàrá kan náà ni iná, májèlé àti ìgò ẹlẹgẹ́ ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọdún 14 sí 17 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú àlàyé yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nínú láàbù, ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń pinnu bóyá ọmọ yóò lọ sílé pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì. Olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì máa ń wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú wọ̀nyí. Panápaná àti dókítà kò tíì dé. Nítorí náà, ohun tí yóò gba ọmọ là gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò wọ́n. Ẹgbẹ́ àdúgbò lè rà wọ́n, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè nípa wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ará Odoakpu

Odoakpu wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Onitsha, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀. Ilé fara ti ilé, ṣọ́ọ̀bù fara ti ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ sì wà láàárín wọn. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú ní agbègbè Upper Iweka. Bẹntiróò tí ó dà sílẹ̀ ṣàn gba inú gọ́tà, iná sì tẹ̀lé e dé agbègbè ọjà Ochanja, ó jó ilé, ó jó ṣọ́ọ̀bù. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó bá a lọ. Ohun tí ó dun àwọn ará ìlú jù lọ ni pé ìrànlọ́wọ́ panápaná pẹ́ kí ó tó dé.

A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti tún ọgbẹ́ ṣí. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀ fún láàbù. Èkíní ni pé iná kì í dúró síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń tẹ̀lé ohun tí ó bá lè jó lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí. Èkejì ni pé ìrànlọ́wọ́ tí ń bọ̀ láti ìta lè pẹ́, nítorí ọ̀nà há, ọkọ̀ sì pọ̀ lójú pópó. Àwọn baba wa sọ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní garawa iyanrìn kan nínú láàbù rẹ̀ ń sùn lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Onitsha kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní oṣù Keje ọdún 1857, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, gúnlẹ̀ sí Onitsha, ó sì fi àlùfáà John Christopher Taylor sílẹ̀ níbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ àti ti ilé ẹ̀kọ́. Dennis Memorial Grammar School tẹ̀lé e ní ọdún 1925, Christ the King College sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1933. Ilé ẹ̀kọ́ kejì yìí ni Chike Obi ti kàwé, àgbà onímọ̀ ìṣirò tí ó padà wá kọ́ni ní yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó. Ọmọ Yorùbá tí ó jókòó sí kíláàsì ní Onitsha lónìí jókòó sórí ìpìlẹ̀ tí ọwọ́ àwọn baba rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ọwọ́ tiwa náà wà nínú ààbò rẹ̀.

Iná àti sípírítì

Sípírítì ni kí a kọ́kọ́ ṣọ́ra fún, nítorí pé ó wọ́pọ̀, ó sì dà bí omi lójú. Afẹ́fẹ́ tí a kò lè rí máa ń gbéra láti inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. Kì í gòkè bí èéfín, orí tábìlì ni ó ń rá lọ títí yóò fi kan iná. Ethanol, tí í ṣe ọtí inú sípírítì, lè gbiná bí ooru rẹ̀ kò tilẹ̀ ju ìwọ̀n 13 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀sán kì í tutù tó bẹ́ẹ̀ ní Onitsha, ì báà jẹ́ nígbà ọyẹ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìgò sípírítì tí a ṣí sílẹ̀ nítòsí iná léwu nígbàkigbà, ní oṣùkóṣù.

Ẹ wo ìdánwò ewé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ bàọ́lọ́jì máa ń ṣe láti mọ̀ bóyá ewé ti pa sítáàṣì mọ́. Wọn yóò bọ ewé nínú omi, lẹ́yìn náà wọn yóò sè é nínú ethanol kí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí kúrò. Ẹni tí ó bá gbé ethanol ka iná tààrà ti ránṣẹ́ pe ìjàǹbá. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a sè omi títí yóò fi hó, kí a pa iná pátápátá, kí a tó gbé ethanol jáde, kí a sì wá ki túùbù tí ó wà nínú rẹ̀ bọ inú omi gbígbóná náà. Ethanol ń hó ní ìwọ̀n 78, omi sì ń hó ní 100. Nítorí náà omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó gbóná tó láti ṣe iṣẹ́ náà láìsí iná rárá. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ da sípírítì kún àtùpà tí ó ṣì ń jó. Lójú ọ̀sán, iná sípírítì lè má hàn sí ojú. Kí a pa á, kí a dúró kí ó tutù, kí a tó rọ òmíràn sí i.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó ní ohun èlò pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2014, ní Beacon High School ní ìlú New York, olùkọ́ kan fẹ́ fi oríṣiríṣi àwọ̀ tí iyọ̀ máa ń fún iná han kíláàsì. Methanol, tí í ṣe ẹbí ethanol, ni a lò, láti inú ìgò ńlá. Iná gba afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì bú jáde sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn jóná gidigidi. Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ṣáájú, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń wádìí ìjàǹbá kẹ́míkà ti gbé fídíò jáde láti kìlọ̀ nípa irú àṣefihàn yìí gan-an. Ìkìlọ̀ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dé kíláàsì náà lásìkò. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ bíi tiyín lè ṣe nìyí: kí ìkìlọ̀ má parí sórí ìwé, kí ó dé etí ẹni tí ó di ìgò mú.

Ásíìdì, kọ́sítíkì àti omi

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń dín àkàrà mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Omi á hó lójijì, á sì ta epo síni lára. Ohun tí ó jọ èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá da omi sínú sulphuric acid tí kò tíì là, irú èyí tí a ń là kí ó tó di omi bátìrì ọkọ̀. Ásíìdì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó omi lọ́nà méjì, nítorí náà omi tí a dà sí i á léfòó sórí rẹ̀. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ooru ńlá á jáde, omi á hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì gbé ásíìdì fò sí ojú ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí a bá rọra ń da ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sínú omi púpọ̀, tí a sì ń rò ó, omi á gba ooru náà mọ́ra. Kí gbogbo ọmọ há gbólóhùn kan sórí: ásíìdì ni à ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì.

Àwọn tí ń ṣe ọṣẹ láàárín yín mọ kọ́sítíkì sódà. Òun náà wà nínú láàbù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ásíìdì nìkan ni ó ń fọ́ ojú, ṣùgbọ́n kọ́sítíkì lè burú jù ú lọ, nítorí pé ó máa ń wọ inú ẹyin ojú jinlẹ̀. Kẹ́míkà kẹta tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni sodium, irin rírọ̀ kan tí a ń tọ́jú sínú epo. Bí ó bá kan omi, á hó, á mú afẹ́fẹ́ háídírójìn jáde, á sì lè gbiná tàbí kí ó bú gbàmù. Iná irú èyí, iyanrìn gbígbẹ ni à ń dà lé e. Ẹni tí ó bá da omi lé e ń bù sí i ni.

Ìgò tí kò ní orúkọ

Ìlú ọjà ni Onitsha, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí owó kò lè rà níbẹ̀. Ànfààní ni èyí fún ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó tún mú ewu tirẹ̀ dání. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn ńlá tí ó wà ní Onitsha pa fún ìgbà díẹ̀ láti ṣàyẹ̀wò rẹ̀, nítorí oògùn ayédèrú àti èyí tí a tọ́jú lọ́nà tí kò yẹ. Bí oògùn tí à ń gbé mì bá nílò irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀, kí ni a ó ti sọ nípa kẹ́míkà tí a bù sínú ike omi tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí a sì di ọ̀rá mọ́ lẹ́nu?

Ìgò tí kò ní orúkọ ni ó burú jù lọ nínú láàbù, nítorí pé àṣìṣe ti wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ni ó funfun bí iyọ̀ tàbí mọ́ gaara bí omi. Ìgò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ kẹ́míkà, bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ọjọ́ tí a rà á, àti àmì ewu. Àmì ewu tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí jẹ́ àwòrán inú ilà pupa onígun mẹ́rin tí ó dúró lórí igun kan: ahọ́n iná fún ohun tí ń jó, agbárí òkú fún májèlé, àti omi tí ń jẹ ọwọ́ àti irin fún ásíìdì àti kọ́sítíkì. Òbí tí kò mọ̀wé kà pàápàá lè kọ́ àwòrán wọ̀nyí láàárín ìpàdé kan, ó sì lè bi ọmọ rẹ̀ léèrè wọn nílé.

Ẹnu àti imú

Nínú ìdánwò tí a ti ń wọn ásíìdì mọ́ kọ́sítíkì, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lo pípẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá díńgí tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń fa omi sókè. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹnu ni àwọn ọmọ fi ń fà á, bí ẹni ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí omi inú ìgò bá lọ sílẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ á wọlé, ohun tí ó wà nínú ọ̀pá á sì fò wọ ọ̀nà ọ̀fun. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré wà tí a ń fi sí orí pípẹ́ẹ̀tì kí ó bá ẹnu ṣe iṣẹ́ náà. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní pípẹ́ẹ̀tì 20, bọ́ọ̀lù rọ́bà 20 ni ó yẹ kí ó ní. Ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ kan lè ṣe láìdá owó rẹpẹtẹ nìyí. Kí ọmọ má sì jẹun, kí ó má mu omi nínú láàbù, kí ó má sì jáde láìfi ọṣẹ fọwọ́.

Ní ti imú, a kì í gbé ìgò sí imú gbóòórùn. Ọwọ́ ni a fi ń fẹ́ díẹ̀ nínú òórùn rẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ kan wà tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́, hydrogen sulphide ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó máa ń pa agbára imú, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ á sì rò pé ó ti lọ. Fèrèsé ṣíṣí sàn ju imú lọ. Ẹ̀kọ́ yìí kan ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wa pẹ̀lú: ẹni tí ó bá po omi ìfọṣọ tí ń sọ aṣọ di funfun mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ṣáláńgá ń ṣe afẹ́fẹ́ chlorine, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ojú ogun ní Ypres ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915.

Bí tẹmómítà ìgbà àtijọ́ bá fọ́, omi fàdákà tí ó tú jáde ni mercury, májèlé sì ni. Kí ọmọ má fi ọwọ́ yí i ṣeré, kí a má sì fi ọwọ̀ gbá a, nítorí ọwọ̀ á fọ́n ọn káàkiri ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata ní Japan láti dín lílo mercury kù. Tẹmómítà ọlọ́tí pupa ni kí a máa rà fún ilé ẹ̀kọ́.

Ojú àti aṣọ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Awò ìdáàbòbò tí ó bo ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe ìdánwò kẹ́míkà. Awò tí a fi ń kàwé kò tó, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Òwú ni kí a fi rán ẹ̀wù láàbù, kí ó ní apá gígùn. Aṣọ tí a fi ọ̀rá àti náílọ́ọ̀nù ṣe máa ń yọ́ mọ́ni lára nínú iná. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà, kẹ́míkà kan tí ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án dà sí ara òṣìṣẹ́ ọmọ ọdún 23 kan. Kò wọ ẹ̀wù láàbù; súwẹ́tà tí kì í ṣe ti òwú ni ó wọ̀, ó sì gbiná. Ọjọ́ 18 lẹ́yìn náà ni ó kú. Ẹ̀wù òwú ò bá má lè ká ohun gbogbo, ṣùgbọ́n òun ni ààbò àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó wà lára.

Àwọn ọmọbìnrin wa tí ń lo híjáàbù lè ṣe gbogbo iṣẹ́ láàbù láìséwu: kí híjáàbù jẹ́ ti òwú, kí wọ́n sì ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù láàbù. Kí àwọn tí ó fi irun oníke dirí dì í sẹ́yìn. Kí gbogbo wọn wọ bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Sálúbàtà kò bá láàbù mu.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ìmọ̀ tí ó wà ní apá yìí ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí a sọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á sókè nínú ìpàdé yín.

Bí kẹ́míkà bá ta sí ojú, omi tí ń ṣàn ni oògùn àkọ́kọ́. Kí a la ojú náà sílẹ̀, kí a máa da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí a tó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó bá sáré gbé e lọ láìfọ ojú ti fi ojú ọmọ sílẹ̀ fún kẹ́míkà ní gbogbo ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ ara ni ó ta sí, kí a bọ́ aṣọ ibẹ̀, kí a sì da omi púpọ̀ sí i. A kì í fi kọ́sítíkì pa ásíìdì lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ásíìdì pa kọ́sítíkì.

Bí iná bá jó ọmọ, omi tútù tí ń ṣàn ni kí a fi sí i fún ìṣẹ́jú 20. Epo pupa, ẹyin adìẹ, ògì, iyọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe oògùn iná. Wọ́n máa ń há ooru mọ́ inú ara, wọ́n sì lè kó ìdọ̀tí sínú egbò. Bí aṣọ bá gbiná lára ọmọ, kí ó má sáré. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó yí gbiri, kí àwọn mìíràn sì fi aṣọ nípọn bò ó títí iná yóò fi kú.

Bí ọmọ bá gbé kẹ́míkà mì, a mọ̀ pé ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni epo pupa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un. Ẹ má sì fi ìka mú un bì. Ásíìdì tí ó jó ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀, èébì sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Kí a fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí a sì mú ìgò kẹ́míkà náà dání kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu. Orúkọ tí ó wà lára ìgò á tún wúlò níhìn-ín. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí ni 112. Kí a kọ ọ́ sára ògiri láàbù, pẹ̀lú nọ́ńbà panápaná àti ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ jù lọ.

Èdè tí ó wọ ọmọ létí

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún odindi ọdún 6. Ètò náà fi hàn pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun àjèjì sí èdè wa, àti pé ohun tí ọmọ gbọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ máa ń tètè yé e.

Ní Odoakpu, Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ ń gbọ́ ní kíláàsì, Ìgbò ni ó ń gbọ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Yorùbá ni ó ń gbọ́ nílé. Ó dára kí òfin láàbù wà lára ògiri ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Ìgbò, ó sì dára kí àwa náà máa sọ ọ́ ní Yorùbá nílé. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ìkìlọ̀ tí ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àti bàbá rẹ̀ ni yóò tètè rántí. Kí a má sì ṣe iṣẹ́ yìí ní àwa nìkan. Ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá ń pín tábìlì kan náà nínú láàbù. Ìgò kan tí ó bá fọ́, àwọn méjèèjì ni yóò ta bá. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́, kí ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí ó sì pe àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò yòókù mọ́ra.

Ìbéèrè tí ẹgbẹ́ lè gbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́

A dábàá pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn 3, ó kéré tán kí ìyá kan wà nínú wọn, kí wọ́n lọ bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò kí àsìkò ìdánwò àṣekágbá tó dé. Kí wọ́n lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí olùkọ́ kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun náà ti ń béèrè fún nǹkan wọ̀nyí tí kò rí i gbà. Kí wọ́n béèrè pé:

1. Ǹjẹ́ omi wà nínú láàbù ní gbogbo ìgbà? Bí ẹ̀rọ omi kò bá ṣiṣẹ́, ǹjẹ́ àgbá omi mímọ́ tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ wà níbẹ̀?
2. Ǹjẹ́ garawa iyanrìn gbígbẹ àti ẹ̀rọ apaná wà, ǹjẹ́ àkókò ẹ̀rọ náà kò sì tíì kọjá?
3. Ǹjẹ́ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ti ń lo ẹ̀rọ apaná náà?
4. Ǹjẹ́ ilẹ̀kùn láàbù ń ṣí wẹ́rẹ́, ǹjẹ́ kò sí àga tàbí páálí tí ó dí i?
5. Ǹjẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti àmì ewu, ǹjẹ́ kọ́kọ́rọ́ sì wà ní ilé ìtọ́jú kẹ́míkà?
6. Ǹjẹ́ awò ojú àti bọ́ọ̀lù pípẹ́ẹ̀tì kárí àwọn akẹ́kọ̀ọ́?
7. Ǹjẹ́ sìlíńdà gáàsì wà ní ìta yàrá, ǹjẹ́ a sì ń yẹ rọ́bà rẹ̀ wò bóyá ó ń jò?
8. Ǹjẹ́ olùkọ́ tàbí olùtọ́jú láàbù máa ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀?
9. Ǹjẹ́ ìwé kan wà tí a ń kọ ìjàǹbá kékeré àti ńlá sí, kí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lónìí lè kọ́ wa lọ́gbọ́n ti ọ̀la?

Ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ rárá, ibẹ̀ ni kí ẹ̀bùn ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó fẹ́ràn láti kun ògiri ilé ẹ̀kọ́, kí a sì kọ orúkọ wọn sí i gàdàgbà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbá omi kan tí a gbé kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láàbù lè gba ojú ọmọ kan là ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí owó rẹ̀ sì ti pé.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé nínú ohunkóhun tí ó bá kan ọmọ, ire ọmọ náà ni kí a kọ́kọ́ wò. Kí òfin náà tó dé, àṣà wa ti sọ ọ́: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Láàbù ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọjà tí orí ọmọ wa wà lónìí. Ní ìpàdé yín tí ó ń bọ̀, ẹ yan àwọn mẹ́ta náà, ẹ dá ọjọ́ tí wọn yóò lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé.